Ọkùnrin Tó Fura sí Ojú Ọ̀run

Bí ẹ bá fi orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ béèrè rẹ̀ ládùúgbò, ẹ ó rìn títí bàtà á fi jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣáà ní Jẹ́-n-rí-i lẹ ń wá, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákò gan-an á nàka sílé rẹ̀ fún yín.

Akunlé ni. Ó ti lé lógójì ọdún tó ti ń fi ọ̀dà kunlé fáwọn èèyàn. Kò sì sí ohun tí wọ́n lè sọ fún un tó máa gbà gbọ́ láìfojú ara rẹ̀ rí i. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ní omi ti hó, á dìde lọ ṣí ìkòkò. Bí wọ́n bá ní òjò ń kán, á nawọ́ jáde lójú fèrèsé. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí àbíkẹ́yìn rẹ̀, nọ́ọ̀sì jáde sí i, ó ní, "Ẹ kú oríire o, obìnrin ni." Kàkà kí bàbá ọmọ dúpẹ́, ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ẹ jẹ́ n rí i." Àwọn tó jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ló gbé orúkọ yẹn dé àdúgbò ṣáájú ọmọ.

Kì í ṣe èèyàn burúkú. Wọ́n ṣáà ní ìfura loògùn àgbà, òun sì ń lo oògùn náà láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò lábùkù. Àwọn akunlé mìíràn a máa gbé páálí tí wọ́n tẹ oríṣiríṣi àwọ̀ sí kiri, wọ́n á máa fi í wé ọ̀dà tí wọ́n pò. Òun kì í gbé e. Á da ọ̀dà funfun sínú korobá, á kán àwọ̀ sí i, á fi igi rò ó, á di ojú kan, á fi ìkejì wò ó. Orí rẹ̀ ni páálí rẹ̀. Bó bá ti ní "Ó tó," kò sẹ́ni tó ń jiyàn.

Ọkùnrin kan wà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ó ti tó ọdún méjìdínlógún. Ọkùnrin náà ga débi pé kì í gun ìdábùú méjì tó kẹ́yìn lórí àkàbà kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan àjà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Alákàbà. Jẹ́-n-rí-i á po ọ̀dà nísàlẹ̀, Alákàbà á kùn ún lókè. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, tí ọ̀rọ̀ wọn sì wọ̀, títí di ọdún tí búlúù bẹ̀rẹ̀ sí í dá wàhálà sílẹ̀.

Jẹ́-n-rí-i ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé búlúù inú agolo kò lágbára mọ́. Ṣíbí kan tó máa ń tó fún odindi korobá tẹ́lẹ̀, ó di ṣíbí méjì, ó di mẹ́ta. Ó gbé agolo lọ bá Ìyá Ọlọ́dà tó ti ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

"Ìyá Ọlọ́dà, kí lẹ ń lú mọ́ ọ̀dà yìí?"

"Èmi kẹ̀? Bí wọ́n ṣe dì í wá ni mo ṣe tà á fún yín. Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín ṣí ìdérí rẹ̀."

"Ó ti ṣá."

Obìnrin náà ti ìka bọ̀ ọ́, ó fà á sára ògiri. "Ẹ wò ó. Èyí ló ṣá?"

Jẹ́-n-rí-i wo ògiri, ó wo ojú obìnrin náà, ó gbé agolo rẹ̀, ó lọ. Bí kò bá jẹ́ pé àwọn tó ń ṣe ọ̀dà ló ń lù ú, a jẹ́ pé ẹnì kan ń bù ú lẹ́yìn òun, tó sì ń fi omi dí i. Ta ló sì ń wà nídìí agolo pẹ̀lú òun? Alákàbà nìkan ni. Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi pẹ́ńsù fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sára agolo níbi tí ọ̀dà bá dúró sí lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Láàárọ̀, kó tó kí èèyàn, á ti lọ bẹ ìlà rẹ̀ wò. Ọ̀dà kì í kúrò lójú ìlà. Ìyẹn ò tù ú nínú. Ó kàn jẹ́ kó gbà pé olè náà gbọ́n ni.

Nílé náà, nǹkan ò dán mọ́rán. Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀, yàrá iwájú ló gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Bàbá Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi na òwú búlúù yẹn." Tíṣà ni gbogbo ilé ń pe àbíkẹ́yìn wọn, nítorí pé láti kékeré ló ti ń to ìkòkò sílẹ̀ tó ń kọ́ wọn níwèé, nígbà tó dàgbà, iṣẹ́ olùkọ́ náà ló ṣe. Ọkọ na òwú. Ìyàwó gbà á, ó wò ó.

"Dúdú lẹ mú fún mi."

"Búlúù ni."

"Dúdú ni, Bàbá Tíṣà."

Kò jiyàn mọ́, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ìyàwó rẹ̀. Èwo ni kí èèyàn máa sọ búlúù di dúdú mọ́ni lọ́wọ́? Ó ní láti jẹ́ pé wọ́n ń dán an wò.

Ojú ọ̀run gan-an kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, á gbójú sókè, á mi orí. Ojú ọ̀run ti rí ràkọ̀ràkọ̀, bí aṣọ funfun tí wọ́n fi omi ẹrẹ̀ fọ̀. Ó ní ilé iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ọjà ló ń tú èéfín sáfẹ́fẹ́. Àwọn aládùúgbò á gbójú sókè, wọ́n á ní, "Bàbá, ó mà mọ́ kedere." Á wò wọ́n tìyanu-tìyanu. Ó dá a lójú pé àwọn ará ilé iṣẹ́ náà ti fi owó dí gbogbo wọn lẹ́nu.

Ẹni tó wá burú jù lójú rẹ̀ ni Káfíńtà, ilé kejì. Ó ti tó ọdún méjì tí wọn ò kíra wọn, nítorí pé Jẹ́-n-rí-i kun ilẹ̀kùn kan síta kó gbẹ, ìyẹ̀fun igi fẹ́ bà á látọ̀dọ̀ Káfíńtà, ó sì ní wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ní ọdún tí à ń wí yìí, ó tún ṣàkíyèsí pé aṣọ dúdú ni Káfíńtà ń wọ̀ ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Ó ń ṣọ̀fọ̀ mi sílẹ̀ de ikú mi ni." Ìyàwó ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, kò tiẹ̀ mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí nǹkan rí báyìí ni iṣẹ́ ilé ìwòsàn dé.

Wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ni. Àwọn ọmọ tó kán lẹ́sẹ̀ ló wà níbẹ̀, àwọn tí wọ́n fi okùn fa ẹsẹ̀ wọn sókè, tí wọ́n ń fẹ̀yìn lélẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mẹ́jọ. Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì, obìnrin kan tó sanra, tó sì máa ń rìn kíákíá, mú Jẹ́-n-rí-i wọlé, ó nàka sókè.

"Bàbá, àjà yìí nìkan ni wọ́n ń rí látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ wo bó ṣe rí bí eyín tí wọn ò fọ̀. Mo fẹ́ kó rí bí ojú ọ̀run ọ̀sán tí kò sí kùrukùru."

"Ìyẹn ò le," ni Jẹ́-n-rí-i wí. "Bí ojú ọ̀run ṣe ń rí tẹ́lẹ̀, àbí bó ṣe ń rí nísinsìnyí?"

Obìnrin náà rò pé àwàdà ni, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ.

Wọ́n kó àwọn ọmọ lọ sí yàrá mìíràn. Jẹ́-n-rí-i po ọ̀dà rẹ̀ ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Kò wo ìta lẹ́ẹ̀kan. Ojú ọ̀run tó mọ̀ nígbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ọ́ ló gbé sọ́kàn. Ó kán búlúù, ó rò ó, kò tó. Ó tún kán an. Alákàbà dúró tì í, ó ń wo inú korobá.

"Ọ̀gá, ṣé kò ti fẹ́ pọ̀jù?"

"Ìwọ, gun àkàbà rẹ."

Alákàbà gun àkàbà. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, wọ́n ti kun àjà tán. Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì dé ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè wọlé.

"Bàbá. Kí lèyí?"

"Ojú ọ̀run ni."

"Ojú ọ̀run ibo? Ọmọ tó bá dùbúlẹ̀ sábẹ́ èyí á rò pé kànga lòun jìn sí!"

Wọ́n tún un kùn. Jẹ́-n-rí-i bu funfun sí i, ó sì kán búlúù díẹ̀ padà sí i nígbà tí ẹnikẹ́ni ò wò ó, kó má bàa di pé ó funfun báláú. Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì tún dé, ó kó ọwọ́ méjèèjì lé orí. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n lọ sinmi fún ọjọ́ mélòó kan, kí àwọn jọ tún un rò. Bí Jẹ́-n-rí-i ṣe ń fọ búrọ́ọ̀ṣì lẹ́yìnkùlé, ó yọjú, ó rí Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì àti Alákàbà ní ìdí àtẹ̀gùn. Wọ́n forí korí. Bí wọ́n ṣe rí i, wọ́n dákẹ́.

Ó kúkú ti ń retí rẹ̀. Ìgbà wo ni iṣẹ́ tó dára bàjẹ́ bí kò bá sẹ́ni tó fẹ́ gbà á? Ó kó búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sínú àpò, kò dágbére fún ẹnì kankan.

Lọ́jọ́ Àìkú, Tíṣà wá kí wọn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ó bá bàbá rẹ̀ níwájú ife tíì tó ti tutù. Bàbá rojọ́ títí, láti orí agolo dé orí àtẹ̀gùn. Ó wá ní, "Mo kun ojú ọ̀run fún wọn, wọ́n ní kò jọ ojú ọ̀run. Ta ló mọ àwọ̀ rẹ̀ jù mí lọ?"

Tíṣà fẹ́ dá a lára yá ni. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ má da ara yín láàmú. Ojú ọ̀run kò tiẹ̀ ní àwọ̀ kankan."

Bàbá gbé ife sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ta ló rán ọ?"

"Ta ni kẹ̀?"

"Mo ní ta ló rán ọ sí mi. Ṣé Alákàbà ni, àbí obìnrin ilé ìwòsàn yẹn?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́, Bàbá. Ohun tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì ni mo sọ." Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn. "Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ẹ ń wò bí ohun funfun yìí, gbogbo àwọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ẹ ṣáà ti rí òṣùmàrè. Ó wá ku bí wọ́n ṣe máa gba inú afẹ́fẹ́ kọjá. Ó dà bí ìgbà tí ẹ da agolo òfìfo kún inú yàrá kan tí ẹ ní kí Alákàbà gba ibẹ̀ kọjá. Kí ló máa ṣe?"

"Á gbé ẹsẹ̀ gbọọrọ rẹ̀ kọjá lórí wọn."

"Bí pupa ṣe ń ṣe nìyẹn, ìṣísẹ̀ rẹ̀ gùn. Búlúù ní tiẹ̀, ìṣísẹ̀ rẹ̀ kúrú, ó ń sáré gìrìgìrì. Agolo tó bá ti kàn, ó ti ta á síbòmíràn. Èyí lọ sọ́tùn-ún, èyí lọ sósì, ó fọ́n káàkiri. Ibikíbi tí ẹ bá yíjú sí lókè, búlúù tó fọ́n ká yẹn ló ń já bọ́ sójú yín. Kò sẹ́ni tó kun nǹkan kan."

"Kí ni àwọn agolo tó wà nínú afẹ́fẹ́?"

"Afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ni. Àwọn ẹyọ rẹ̀ kéré débi pé ojú kò lè rí wọn."

"Hẹn-ẹ́n." Bàbá fẹ̀yìn ti àga. "Ohun tí ojú ò lè rí. Mo ti mọ̀ pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ń lọ."

"Bàbá, mo lè fi hàn yín nínú ife omi kan."

"Jẹ́ n rí i."

Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan. Òun ló fọ ife dígí. Òun ló lọ pọnmi. Ó tilẹ̀ gbóòórùn omi náà, torí ó mọ̀ pé ìyàwó òun ní búlúù ìfọṣọ nínú ilé. Òun ló ṣí agolo mílíìkì tuntun, tó kán an sínú omi bí Tíṣà ṣe wí, ẹ̀kán méjì, mẹ́ta, tí omi fi dà bí ìkùukùu. Ó tú ìdí tọ́ọ̀ṣì, ó wo inú rẹ̀, ó dé e padà. Wọ́n fa aṣọ fèrèsé, yàrá ṣókùnkùn díẹ̀. Tíṣà ní kó tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́ kan ife.

Ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ bo ẹnu. "Yéè! Búlúù mà ni!"

"Ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́, Bàbá," ni Tíṣà wí. "Ó rí fẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Ẹ wá bọ́ sí apá kejì, kí ẹ wo ojú tọ́ọ̀ṣì láti inú omi. Ẹ ó rí i pé ó pọ́n bí oòrùn ìrọ̀lẹ́. Búlúù ti dà nù sọ́nà, ohun tó ṣẹ́ kù ló dé ibẹ̀."

Bàbá lọ sí apá kejì, ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó. Ìmọ́lẹ̀ pọ́n rúsúrúsú. Ó padà sí ẹ̀gbẹ́. Ohun tó rí níbẹ̀ ni omi tí wọ́n fi ṣan búrọ́ọ̀ṣì, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fojú mọ́ ife títí imú rẹ̀ fi kàn án.

"Pípọ́n tí ẹ wí, mo rí i," ló wí. "Búlúù kò sí níbí."

"Bàbá Tíṣà, ó wà níbẹ̀ o."

"Ẹ̀yin méjèèjì ti dìmọ̀ lẹ́yìn mi. Ẹ fi òótọ́ díẹ̀ lú irọ́ kó lè ṣeé gbé mì."

Ó dìde, ó jáde sí ọ̀sán gangan. Wọ́n rò pé inú ló bí i. Inú bí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń lọ wá ẹlẹ́rìí ni. Ó sì ti rò ó pé ẹlẹ́rìí tí kò ní lè bá aya àti ọmọ òun dìmọ̀, ẹnì kan péré ló kù ládùúgbò.

Káfíńtà ń fi pépà họ ẹsẹ̀ àga nígbà tí òjìji bò ó. Ó gbójú sókè, pépà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Wá bá mi wo nǹkan kan nílé."

"Nílé ta?"

"Nílé mi."

Káfíńtà wo ojú títì síwá sẹ́yìn. "Ṣé kò sí ọlọ́pàá níbẹ̀?"

"Kò sí. Mo pè ọ́ nítorí mo mọ̀ pé o ò fẹ́ràn mi."

"Ìyẹn kì í ṣe irọ́," ni Káfíńtà wí, ó gbọn ìyẹ̀fun igi kúrò lára, ó sì tẹ̀ lé e. Ó mú òòlù kan dání, bóyá fún ààbò ni o.

Jẹ́-n-rí-i ní kí ẹnikẹ́ni má la ẹnu. Ó tan tọ́ọ̀ṣì. "Àwọ̀ wo lo rí?"

Káfíńtà bẹ̀rẹ̀, ó wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ó yí i ká. Ó ṣe é bí ẹni tó ń yẹ pákó wò. "Búlúù ni. Búlúù tó rọra, bí èéfín ààrò láàárọ̀." Ó nà ró, ó wo ọkùnrin tó pè é. "Ìwọ ò rí i ni?"

Jẹ́-n-rí-i pa tọ́ọ̀ṣì. Ọkàn rẹ̀ ti sáré ká gbogbo ibi tó máa ń gbé ẹ̀bi sí, kò rí àyè kankan mọ́ tó ṣófo. Ó nàka sí àyà Káfíńtà.

"Aṣọ tí o wọ̀ yẹn. Dúdú ni, àbí kí ni?"

"Aṣọ iṣẹ́ mi? Búlúù ni. Kí lo tún ti rí mi wọ̀ rí látọjọ́ yìí?"

Ìyàwó rẹ̀ dìde. Ó mú òwú méjì wá, ó tò wọ́n sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó ṣí aṣọ fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ wọlé. Ọkọ rẹ̀ wo òwú méjèèjì, ó yí wọn padà, ó tún yí wọn. Ó mú èyí tó rò pé búlúù ni, ó nà án sí i. Dúdú ni. Ìyàwó gbà á, ó dì í mọ́ ọwọ́, omi lé ròrò sí i lójú. Obìnrin náà wá rántí iyàn tí wọ́n jà lórí òwú.

Káfíńtà gbé òòlù rẹ̀ sílẹ̀. "Bí ti ìyá mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí," ló wí. "Dókítà ojú wà nílé ìwòsàn lọ́la. Ta ló máa mú un lọ?"

Tíṣà ní òun á gbàyè níléèwé. Bàbá mi orí. Ó nàka sí Káfíńtà. "Òun ni. Ẹni tí kò fẹ́ràn mi kò ní parọ́ tù mí nínú."

Bí ọ̀tá méjì ṣe jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn láàárọ̀ ọjọ́ kejì nìyẹn. Dókítà, obìnrin kan tí kò tíì dàgbà púpọ̀, tan iná sí ojú Jẹ́-n-rí-i, ó ya fọ́tò rẹ̀.

"Bàbá, dígí kékeré kan wà nínú ojú yín tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Ó ti pọ́n bíi tíì, nínú ojú méjèèjì. Gbogbo àwọ̀ lè rọ́nà gbà, búlúù ló ń há sọ́dọ̀ rẹ̀."

"Ẹ jẹ́ n rí i."

Ó fi fọ́tò hàn án. Jẹ́-n-rí-i wò ó títí. "Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé kì í ṣe ojú ẹlòmíì?"

"Ojú rẹ ni," ni Káfíńtà dáhùn. "Níṣojú mi ni wọ́n yà á. Ta ló tún ní ìpéǹpéjú tó wú báyẹn?"

Jẹ́-n-rí-i ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún dókítà, bó ṣe ń po ọ̀dà láti inú orí. Dókítà ní, "Wàhálà ibẹ̀ nìyẹn. Búlúù tí ẹ rántí ni ẹ ń wá, ojú yín kò sì jẹ́ kí ẹ rí i. Ẹ ó máa bu ọ̀dà sí i títí ilẹ̀ á fi ṣú." Jẹ́-n-rí-i ń rántí ìlà pẹ́ńsù tó fà sára agolo.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n yọ dígí náà kúrò lójú ọ̀tún rẹ̀, wọ́n fi tuntun sí i. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ó béèrè orúkọ gbogbo abẹ́rẹ́ tí wọ́n tò sílẹ̀, ó sì ní kí Káfíńtà dúró lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n má bàa ṣe ojú tí wọn ò ní kí wọ́n ṣe. Lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì tú báńdéèjì. Ohun tó kọ́kọ́ rí ni aṣọ funfun nọ́ọ̀sì náà, ó sì bi í bóyá búlúù ìfọṣọ ti pọ̀jù nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí fèrèsé.

Ó fọwọ́ bo ojú ọ̀tún, ó fi òsì wo ojú ọ̀run: ràkọ̀ràkọ̀ bí ti tẹ́lẹ̀. Ó bo òsì, ó fi ọ̀tún wò ó: búlúù. Ó bo èyí, ó ṣí tọ̀hún, ó ń ṣe é bí ọmọdé. Nínú orí kan ṣoṣo, ẹlẹ́rìí méjì dúró, ẹnu wọn kò kò. Ó ti tó ọdún mélòó tó ti ń fi tòsì dá àwọn èèyàn lẹ́jọ́? Ìyàwó rẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan lòun rí tó ń mì, òun ò mọ̀ bóyá ẹkún ni àbí ẹ̀rín.

Ó ní kí wọ́n mú òun lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé lókè. Àwọn ọmọ ò tíì padà síbẹ̀. Ó gbójú sókè wo àjà.

"Ta ló kun irú èyí?" ló jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó rántí.

Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì tó tẹ̀ lé e fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti bọ́. Jẹ́-n-rí-i náà rẹ́rìn-ín, ìtìjú sì mú un débi pé ó ní láti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo.

Láti ibẹ̀, kò gba ilé lọ. Ilé Alákàbà ló kọ́kọ́ yà sí. Ọkùnrin gíga náà ń fọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó dìde.

"Ọ̀gá, ẹ káàbọ̀. Ẹ kú ewu o. Ẹ jókòó."

"Mi ò ní jókòó kí n tó sọ ọ́. Mo ń fi pẹ́ńsù fa ìlà sára agolo ọ̀dà."

"Mo rí i."

"O rí i? Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ, ọ̀gá? Bí mo bá ní mi ò jí i, ẹ ó ní kí n jẹ́ kí ẹ rí i." Alákàbà ń wo bàtà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó dùn mí o. Ọdún méjìdínlógún kì í ṣe ọjọ́ kan."

Jẹ́-n-rí-i dọ̀bálẹ̀ ṣùgbọ́n kò dé ilẹ̀, nítorí pé Alákàbà ti sọ bàtà nù, ó sì ti gbá a mú ní èjìká. Ọkùnrin tó kéré sí i lọ́jọ́ orí ni, ó ní kí ọ̀gá òun má fi òun gba èpè. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tọrọ àforíjì náà ṣì ní ìbéèrè kan.

"Ìdí àtẹ̀gùn lọ́jọ́ yẹn. Kí lẹ ń sọ?"

"Mo ń bẹ obìnrin yẹn pé kó má gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín ni. Mo sọ fún un pé ó jọ pé nǹkan ń ṣe ojú yín."

"O mọ̀?"

"Mi ò mọ̀. Mo kàn fura ni. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún yín."

Àwọn méjèèjì ló jọ padà lọ kun àjà náà. Lọ́tẹ̀ yìí, Jẹ́-n-rí-i gbé korobá lọ sẹ́bàá fèrèsé, ó ń fi ọ̀dà wé ìta, ó sì ń bi Alákàbà ní gbogbo ìgbà tó bá kán an. Àwọn ọmọ padà sórí bẹ́ẹ̀dì wọn. Wọ́n sì ṣe ojú òsì rẹ̀ nígbà tó yá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kọ́kọ́ bẹ dókítà pé kó fi í sílẹ̀ fún oṣù kan sí i, kí òun lè máa fi wé èyí tó dára.

Ẹ má rò pé ìfura kúrò lára rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìyẹn, òun àti Tíṣà jókòó sí iwájú ilé, oòrùn ń wọ̀, ìsàlẹ̀ sánmà pọ́n bí ata. Bàbá ní:

"Òṣùmàrè tí o fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ lọ́jọ́ yẹn. Mo ti fi ojú tuntun wò ó dáadáa. Búlúù kọ́ ló kẹ́yìn níbẹ̀. Àwọ̀ àlùkò wà lábẹ́ rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ìṣísẹ̀ àlùkò ńkọ́? Ó kúrú ju ti búlúù lọ?"

"Ó kúrú jù ú lọ."

"A jẹ́ pé ó yẹ kó fọ́n ká jù ú lọ." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Kí ló dé tí ojú ọ̀run ò rí bí àlùkò? Kí lẹ ń fi pa mọ́ fún wa?"

Tíṣà rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá itan. Ó ní òun ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ náà láti ọdún mẹ́sàn-án, ọmọ iléèwé kan ò tíì bi òun ní ìbéèrè yẹn rí. Ó ní àlùkò tí oòrùn ń rán wá kò pọ̀ tó búlúù, òkè réré sì ń gba díẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́wọ́. Ìyókù tó sì dé ọ̀dọ̀ wa, ojú èèyàn kò mọ̀ ọ́n dáadáa, búlúù ni ojú mọ̀.

"Ojú ta?"

"Ojú gbogbo wa, Bàbá. Tiyín, tèmi, ti dókítà náà."

Ó rò ó wò. Òkùnkùn ti ń bo títì, ìyàwó rẹ̀ sì ti tan iná sí ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ. "Èló ni òkè ń gbà mọ́wọ́ níbẹ̀?" ló béèrè.

Tíṣà ní òun ò mọ ìyẹn lórí, àfi kí òun wo ìwé nílé.

"Lọ wò ó," ni bàbá rẹ̀ wí, "kí o sì mú ìwé náà dání bí o bá ń bọ̀."